Háàdì Tó Wà Nínú Gàrí

Ọjọ́ mẹ́rìndínláàádọ́ta ni sìmẹ́ńtì funfun tí wọ́n fi ń di egungun fi wà lẹ́sẹ̀ Rọ̀kíbátù lọ́dún 2021, bí ẹnikẹ́ni bá sì bi í, yóò kà wọ́n fún un lọ́kọ̀ọ̀kan: ọjọ́ tí ọlọ́kadà gbá a níwájú ṣọ́ọ̀bù tó ti ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní Ṣómólú, ọjọ́ tí kò rí ẹni bá a pọn omi, ọjọ́ tí oníbàárà wá gba láptọ́ọ̀pù rẹ̀ padà pé òun ò lè dúró de ẹni tí kò lè rìn. Ọjọ́ kejìlélógún ni kò lè gbàgbé láéláé. Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì ní ọsibítù Igbóbì, ó ki síkúrúdíráfà tẹ́ẹ́rẹ́ bọ abẹ́ sìmẹ́ńtì, ó ń fi í họ ẹsẹ̀, nígbà tí ọkùnrin kan lára àwọn tó ń di egungun níbẹ̀ wá dúró sí iwájú rẹ̀.

“Sístà, kí lẹ̀ ń ṣe yẹn?”

“Ó ń yún mi.”

“Ẹ gbé e wá.”

“Irinṣẹ́ mi ni.”

“Irinṣẹ́ tèmi náà ni ẹsẹ̀ yín. Ẹ gbé e wá, ẹ jọ̀ọ́.”

Ó gbà á, ó tì í bọ àpò. Lọ́jọ́ tí wọ́n gé sìmẹ́ńtì náà kúrò, ó dá a padà fún un, ó ti fi sípírítì nù ún títí ó fi ń dán. Babájídé Mákánjúọlá lorúkọ rẹ̀. Rọ̀kíbátù rò lọ́kàn ara rẹ̀ pé ẹni tó bá lè tọ́jú síkúrúdíráfà ẹlòmíràn fún ọjọ́ mẹ́rìnlélógún, ó lè tọ́jú ènìyàn.

Ìfẹ́ wọn kò ní ariwo. Wàhálà dé lọ́jọ́ tí Jídé mú un lọ sí Ladi-Lak láti kí ìyá rẹ̀. Opó ni ìyá náà, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì sì ni. Gbogbo àdúgbò ló ń pè é ní Màmá Tíṣà. Ó bu ìrẹsì fún àlejò, ó jókòó, ó wò ó láti orí dé ẹsẹ̀.

“Yunifásítì wo lo lọ, ọmọ mi?”

“Mi ò lọ, Mà. Iṣẹ́ ni mo kọ́kọ́ kọ́. Ilé-ìwé alẹ́ ni mo ti gba ìwé ẹ̀rí mi, ní Ṣómólú níbí.”

“Alẹ́.” Màmá sọ ọ̀rọ̀ náà bí ẹni tó geyín jẹ òkúta nínú ìrẹsì.

Kò sọ nǹkan mìíràn níwájú rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí Rọ̀kíbátù ṣe ń wọ bàtà lẹ́nu ọ̀nà, ó gbọ́ ohùn rẹ̀ láti inú yàrá: “Kì í ṣe pé ó jẹ́ Mùsùlùmí ló ń dùn mí. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ti lọ sí Mẹ́kà. Ṣùgbọ́n ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ni mo fi kọ́ ọmọ ọlọ́mọ, Jídé. Ṣé ẹni tó ń tú ẹ̀rọ lẹ́bàá títì ni kí n wá máa pè ní ìyàwó ọmọ mi? Bàbá yín ì bá má gbà.”

Ọdún 2019 ni Bàbá ti kú. Gbólóhùn yẹn, “Bàbá yín ì bá má gbà,” ni àgádágodo tí Màmá fi ń ti gbogbo ilẹ̀kùn tí kò bá fẹ́ ṣí. Kò sí ẹni tó lè bá òkú jiyàn.

Ọdún méjì kọjá. Rọ̀kíbátù pé ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n. Ìyá rẹ̀, tó ń yan ẹja létí ọ̀sà ní Ìlàjẹ, kì í béèrè ní tààrà. Á kàn máa yí ẹja lórí àwọ̀n irin, á ní, “Ẹja tó bá pẹ́ jù lórí iná, gbígbẹ ló ń gbẹ.” Láti ìgbà yẹn, bí Rọ̀kíbátù bá jókòó, á dìde. Bí ó bá dìde, kò ní mọ ibi tó ń lọ.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun kan, Dọlápọ̀, ẹ̀gbọ́n Jídé obìnrin, bí ọmọbìnrin ní Kánádà. Ìṣẹ́gun tó ń bọ̀, ọjọ́ kẹjọ, ni ìkómọ. Màmá Tíṣà ni yóò sọ ọmọ lórúkọ láti Ladi-Lak, gbogbo ará ilé yóò sì máa wò ó. Ojú Màmá kò ríran mọ́ lójú fóònù, láptọ́ọ̀pù tí ọkọ rẹ̀ rà lọ́dún 2013 ló fẹ́ lò. Wọ́n tàn án. Ó lò tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá kó tó jí. Nígbà tó jí, ó ní òun ò lè ṣe ìpè fídíò, pé Wíńdòs, ètò tó ń darí òun, ti gbó jù.

Bàbá Ọlápọ̀sí ló gbé e wá sí ṣọ́ọ̀bù. Ilé-iṣẹ́ ìtẹ̀wé rẹ̀ kọjú sí ṣọ́ọ̀bù Rọ̀kíbátù, ọ̀rẹ́ bàbá Jídé tó ti dolóògbé sì ni. Òun nìkan ló ti ń gbé ọ̀rọ̀ lọ gbé ọ̀rọ̀ bọ̀ láàárín ilé méjèèjì láti ọdún méjì yìí.

“Rọ̀kí, gba ẹ̀rọ yìí. Má bi mí pé ta ló ni ín.”

“Orúkọ wọn wà lẹ́yìn rẹ̀, Bàbá.”

Lóòótọ́ ni. Màmá ti lẹ bébà mọ́ ọn, ó kọ orúkọ rẹ̀ sí i bí èyí tí wọ́n ń kọ sára ìwé ọmọ ilé-ìwé.

Bàbá Ọlápọ̀sí rẹ́rìn-ín. “Ó dáa. Wọ́n ní kí n bá àwọn wá ẹni tó mọṣẹ́. Mo ti wá ẹni tó mọṣẹ́. Bó bá ti ń sáré, wọ́n á ní ta ló ṣe é, èmi á wá sọ fún wọn. Jẹ́ kí ọwọ́ rẹ ṣáájú ẹsẹ̀ rẹ wọlé.”

“Bó bá bàjẹ́ sí mi lọ́wọ́ ńkọ́?”

“Ṣé o máa ń ba nǹkan jẹ́ ni?”

Rọ̀kíbátù gba ẹ̀rọ náà.

Ó tú ìdí rẹ̀, ó gbọn eruku ọdún méjìlá dànù. Háàdì rẹ̀, àwo tí ẹ̀rọ ń kó ohun gbogbo pamọ́ sí, ti ń ké kẹ́rẹ́kẹ́rẹ́ bí eku tó ń jẹ páálí. Ó pinnu láti fi háàdì tuntun sí i, irú èyí tí kì í yí, kó sì fi ráàmù, ìrántí ojú ẹsẹ̀ tí ẹ̀rọ fi ń ṣiṣẹ́, kún un. Wíńdòs tó tuntun jù lọ kọ̀ jálẹ̀, ó ní ọpọlọ ẹ̀rọ náà ti dàgbà jù. Èyí tó ṣáájú rẹ̀ gbà. Ó kù kó kó ẹrù láti inú háàdì àtijọ́ sínú tuntun.

Ọlọ́runṣògo, ọ̀gá tó kọ́ ọ níṣẹ́, ti fi ọ̀rọ̀ kan sí i lọ́kàn láti ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún: a kì í kó ìdọ̀tí ilé àtijọ́ lọ sílé tuntun. Nítorí náà, kó tó kó ohunkóhun, ó tẹ agbọ̀n ìdọ̀tí ojú kọ̀ǹpútà náà. Fáìlì kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀. Kò wò ó. Ó tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan, ó dà á nù. Ó wá kó àwòrán, ó kó orin ìsìn, ó kó ìbéèrè ìdánwò ogún ọdún. Ó sọ háàdì àtijọ́ sínú ọ̀rá, ó fi rọ́bà dì í, kí wọ́n dá a padà fún ẹni tó ni ín. Bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn, kí ẹnì kan má baà sọ pé ó yọ nǹkan lára ẹ̀rọ òun.

Lọ́jọ́ Ẹtì, ẹ̀rọ náà padà sí Ladi-Lak. Kí Màmá tó yọ awò rẹ̀ nínú àpò, ó ti jí. Bàbá Ọlápọ̀sí pe Rọ̀kíbátù lórí fóònù. “Wọ́n ní Ọlọ́run á bù kún ọwọ́ tó ṣe é! Mi ò tíì sọ pé ìwọ ni. Jẹ́ kí adùn náà kọ́kọ́ wọ̀ wọ́n lára.”

Lọ́jọ́ Sátidé, Jídé wọ ṣọ́ọ̀bù, kò jókòó.

“Rọ̀kí, ṣé o da nǹkan nù nínú agbọ̀n ìdọ̀tí?”

“Ìdọ̀tí ni.”

“Orúkọ ọmọ ni.”

Ó ṣàlàyé fún un. Ní oṣù tó kẹ́yìn ayé Bàbá, ó tẹ ohun kan sórí láptọ́ọ̀pù náà, ó ní ọ̀rọ̀ orúkọ àkọ́kọ́ ọmọ ọmọ òun ni, kí Màmá má ṣí i títí ọmọ yóò fi dé. Màmá mọ̀ pé orúkọ ọmọ kì í jáde ṣáájú ọjọ́ kẹjọ. Àwọn ọmọ ẹbí sì máa ń fi ẹ̀rọ náà ṣeré. Abẹ́ eérú ààrò ni ìyá tirẹ̀ máa ń ri góòlù mọ́ nígbà ayé rẹ̀, nítorí olè kì í tú eérú. Màmá wo ojú kọ̀ǹpútà, ó rí agbọ̀n ìdọ̀tí, ó fi fáìlì náà síbẹ̀. Ọdún mẹ́fà ló fi wà níbẹ̀, kò sì kà á rí.

Rọ̀kíbátù jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

“Ó lè ṣì wà nínú háàdì àtijọ́,” ni ó wí nígbà tó yá. “Ohun tí a dà nù kì í kúrò lójú ẹsẹ̀, bí wọn ò bá tíì kọ nǹkan mìíràn lé e. Jọ̀ọ́, bá mi mú háàdì yẹn wá.”

“Mo ti tú gbogbo ilé, mi ò rí i. Bàbá Ọlápọ̀sí lọ tọrọ rẹ̀. Màmá ní ẹni tó da nǹkan àwọn nù, òun náà ló tún fẹ́ gba èyí tó kù? Wọ́n ní kó wá fúnra rẹ̀, kí àwọn rí ojú rẹ̀.”

Wọ́n wo ara wọn.

“Moshood lè lọ,” ni Jídé wí. Moshood ni oníṣẹ́ tó wà ní ṣọ́ọ̀bù kejì. “Kó ní òun lòun ṣe é. Á gba háàdì, á gbé e fún ọ. Wọn ò ní mọ̀.”

“Èmi á mọ̀.”

“Rọ̀kí, bí o bá lọ síbẹ̀ lọ sọ pé ìwọ ni, ó ti parí. Ọdún méjì tí a fi ń bẹ̀ wọ́n ti wọ omi.”

Ó fẹ́ kọ̀. Ṣùgbọ́n ó rántí òkúta inú ìrẹsì yẹn, ó sì gbà. Ní ìrọ̀lẹ́, ó wẹ̀, kò rántí pé òun ti wẹ̀ tẹ́lẹ̀. Bí ó bá pa ojú dé, ìka rẹ̀ á tún tẹ bọ́tìnnì yẹn.

Lọ́sàn-án Ọjọ́ Àìkú, Moshood wọ ṣẹ́ẹ̀tì tó lọ̀, òun àti Rọ̀kíbátù rìn dé ẹnu géètì Màmá Tíṣà.

“Kí ni mo tún máa sọ?” ni Moshood béèrè. “Pé mo dà á nù láìmọ̀?”

“Bẹ́ẹ̀ ni.”

“Bí wọ́n bá wá ṣépè fún mi ńkọ́? Ṣé orí mi ni èpè yẹn máa wá sùn sí?”

Ẹ̀rín pa Rọ̀kíbátù, omi sì bọ́ lójú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. “Moshood, máa lọ sílé.”

“Ṣó dá ọ lójú?”

“Kò dá mi lójú. Máa lọ.”

Màmá Tíṣà fúnra rẹ̀ ló ṣí ilẹ̀kùn. Aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. Rọ̀kíbátù kúnlẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà gan-an.

“Jídé ò sí nílé,” ni Màmá wí.

“Ẹ̀yin ni mo wá rí, Mà. Èmi ni mo tún láptọ́ọ̀pù yín ṣe. Èmi ni mo da nǹkan yẹn nù. Mi ò wò ó kí n tó dà á nù. Ó yẹ kí n wò ó.”

Màmá di etí ilẹ̀kùn mú. Ọkọ̀ kan kọjá lójú títì, òmíràn tún kọjá.

“Ìwọ.”

“Èmi ni, Mà.”

“Ọlápọ̀sí mọ̀?”

“Wọ́n mọ̀, Mà.”

“Jídé náà mọ̀. Èmi nìkan ni òpè ilé yìí.” Ó yí padà, ó wọlé, ṣùgbọ́n kò ti ilẹ̀kùn. Rọ̀kíbátù kò mọ̀ bóyá kí òun dìde. Orúnkún rẹ̀ ti ń ro ó nígbà tó gbọ́ ariwo ike ní kíṣìnnì. Màmá padà dé pẹ̀lú ọ̀rá háàdì lọ́wọ́, gàrí funfun bo ọ̀rá náà látòkè délẹ̀.

“Inú gàrí ni mo rì í mọ́. Olè kì í tú gàrí.” Ó gbé ọ̀rá náà sórí tábìlì. “O ò ní gbé e jáde nínú ilé yìí. Ibí ni wàá ti ṣe é, níṣojú mi.”

Rọ̀kíbátù fi búrọ́ọ̀ṣì kékeré inú àpò irinṣẹ́ rẹ̀ gbọn gàrí kúrò lẹ́nu háàdì náà, hóró gàrí kọ̀ọ̀kan. Ó so ó mọ́ láptọ́ọ̀pù, ó ṣí ètò tó ń wá ohun tó sọnù. Háàdì àtijọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í ké. Nọ́ńbà kan jáde lójú ẹ̀rọ: ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún.

Wọ́n jókòó. Lẹ́yìn wákàtí kan, ó di mẹ́rìnlélógún.

“Bó bá ṣe ń lọ yìí náà ni yóò máa lọ,” ni Màmá wí, láìwò ó, “ìgbà wo ni yóò parí?”

“Ó ku wákàtí mẹ́ta àti ìṣẹ́jú mẹ́wàá, Mà.”

Màmá fọwọ́ ṣírò lórí tábìlì. Ó gbójú sókè. “Ta ló kọ́ yín ní ìṣirò níbi alẹ́ yẹn?”

“Ọkùnrin kan tó ń ṣiṣẹ́ ní báńkì lọ́sàn-án ni, Mà. Bó bá ti dé, á bọ́ táì rẹ̀, á so ó mọ́ fèrèsé. Á ní báńkì ti tì, ìmọ̀ ló kù.”

“Ìwọ ń ti ibo lọ?”

“Láti Ìlàjẹ, Mà. Mo máa ń bá ìyá mi yan ẹja títí di aago márùn-ún. Èéfín ẹja máa ń wà lára mi, àwọn kan máa ń gbé àga wọn kúrò nítòsí mi. Ọdún mẹ́ta. Ọjọ́ mẹ́rin péré ni mi ò lọ, ọjọ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin náà ni omi wọlé wa.”

Màmá ní, “Nígbà tí mo ń kọ́ṣẹ́ tíṣà, aṣọ kan ni mo ní.”

Jídé dé, ó rí wọn, ó dúró sẹ́nu ọ̀nà bí ẹni tó ṣi ilé wọ̀. “Lọ ra epo sí jẹnẹrétọ̀,” ni ìyá rẹ̀ wí fún un. “Òpùrọ́.” Ó lọ.

Nígbà tí nọ́ńbà náà pé ọgọ́rùn-ún, ọ̀pọ̀lọpọ̀ fáìlì aláìlórúkọ tò jáde. Rọ̀kíbátù ṣí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan: òfìfo, òfìfo, àwọn àmì tí kò nítumọ̀, òfìfo. Ìkọkànlélógún ṣí, ọ̀rọ̀ Yorùbá ló wà níbẹ̀. Ó gbé ojú rẹ̀ sápá kan lójú ẹsẹ̀.

“Ó ti jáde, Mà. Ẹ kà á.”

Màmá fà mọ́ ẹ̀rọ. Ó bọ́ awò rẹ̀, ó nù ún, ó tún wọ̀ ọ́. “Mi ò ríran. Kà á fún mi.”

Rọ̀kíbátù kà á: “Ìyá Dọlá, bí o bá ń ka èyí kí ọmọ tó dé, kò yà mí lẹ́nu. Mo ti fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta wá orúkọ, mi ò rí èyí tó yẹ ẹni tí mi ò rí rí. Ẹni tó bá rí ọmọ ni kó sọ ọ́ lórúkọ. Ìwọ nìyẹn. Bí mo bá ti lọ, má máa bi ara rẹ léèrè ohun tí Bàbá Dọlá ì bá wí. Bàbá Dọlá ti wí tirẹ̀ nígbà tó wà láyé. Máa fi omi gbígbóná sí orúnkún rẹ.”

Màmá fa àga rẹ̀ súnmọ́ Rọ̀kíbátù.

“Tún ibì kan kà.”

“Ibo ni, Mà?”

“O mọ ibẹ̀.”

Ó tún ibẹ̀ kà. Màmá Tíṣà gbé ọwọ́ lé orúnkún rẹ̀, ó ń rọra fi ọwọ́ pa á. Ó wá ní, “Ṣé o ti jẹun láti àárọ̀?”

“Rárá, Mà.”

“Ìrẹsì wà. Mo ti ṣà á dáadáa.”

Ó jẹun. Wọn kò sọ ohunkóhun nípa ìgbéyàwó. Rọ̀kíbátù rìn padà sílé láìmọ̀ bóyá wọ́n dárí jì í ni tàbí wọ́n kàn fún un lóúnjẹ. Lọ́jọ́ Ajé, ó tú ẹ̀rọ oníbàárà kan lẹ́ẹ̀mejì, ó gbàgbé ohun tó tú u fún. Jídé pè é nígbà mẹ́fà, kò ní ìròyìn kankan. “Wọn ò sọ nǹkan kan, Rọ̀kí. Wọ́n kàn ń se omi gbígbóná.” Ní ìrọ̀lẹ́, Bàbá Ọlápọ̀sí yọjú láti òdìkejì títì: “Wọ́n ní kí oníṣẹ́ wá lọ́la o, bóyá ẹ̀rọ á tún ṣe wèrè.”

Oníṣẹ́. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Lọ́sàn-án Ìṣẹ́gun, àwọn ará ilé pé yí láptọ́ọ̀pù ká ní Ladi-Lak. Bátìrì ẹ̀rọ náà ti kú láti ọjọ́ pípẹ́, Rọ̀kíbátù kò rí irú rẹ̀ rà. Nítorí náà ó lóṣòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ó di ẹnu wáyà mú nínú sọ́kẹ́ẹ̀tì tó ti dẹ̀, kí iná má baà já. Láti ibẹ̀, ẹ̀yìn àwọn ènìyàn nìkan ló ń rí. Ó gbọ́ ohùn Dọlápọ̀ láti Kánádà, ó mọ́ gaara. Ó gbọ́ tí Màmá sọ ọmọ ní Moyọ̀sórẹ. Ó gbọ́ tí Jídé sọ tirẹ̀, tí Bàbá Ọlápọ̀sí sọ tirẹ̀. Màmá ń kọ wọ́n sínú ìwé lọ́kọ̀ọ̀kan.

“Ó ku ẹnì kan,” ni Màmá wí. “Ìwọ tó wà nídìí wáyà, wá.”

Gbogbo ojú yí sí i. “Wáyà ńkọ́, Mà?”

“Jídé, lọ di wáyà mú.”

Wọ́n pààrọ̀ ọwọ́. Iná já díẹ̀, gbogbo ilé pariwo, ẹ̀rọ kú, ẹ̀rọ tún jí, kò pẹ́ rárá. Nígbà tí ojú Dọlápọ̀ padà dé, Rọ̀kíbátù ti kúnlẹ̀ síwájú ẹ̀rọ. Ọmọ náà wà lójú ẹ̀rọ, ó la ojú, ó ń wò láìṣẹ́jú bí ẹni tó ń ka ìwé.

“Ṣó o rí ọmọ yìí?” ni Màmá Tíṣà wí. “Ó ti dé ilé wa ṣáájú rẹ. Ọkọ rẹ ni. Ìyàwó kì í pe ọkọ rẹ̀ lórúkọ. Kí ni ìwọ á máa pè é?”

Rọ̀kíbátù wo ojú ọmọ náà títí.

“Ẹyinjúẹgẹ́,” ni ó wí.

“Háà! Ìyàwó wa ti sọ̀rọ̀!” ni Dọlápọ̀ ké láti òkè òkun. Jídé fẹ́ dìde nídìí ògiri.

“Dúró síbẹ̀,” ni ìyá rẹ̀ wí. “Má jẹ́ kí iná já.” Ó kọ Ẹyinjúẹgẹ́ sísàlẹ̀ àwọn orúkọ yòókù, ó fi rúlà fa ìlà sí i nídìí. Lẹ́yìn náà ó bọ́ awò rẹ̀.

“Ọlápọ̀sí, ẹ bá mi bi ìyá ìyàwó wa ní Ìlàjẹ. Ọjọ́ wo ni wọ́n kì í yan ẹja?”